Ẹ̀pà Tí Kò Gba Ọwọ́ Dé Ọwọ́

Àbúrò ìyàwó mi ló kọ́ mi ní kẹ́mísírì. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé òtítọ́ ni, kì í ṣe láti fi yìn ín. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà kò fẹ́ràn mi, kò sì fi pa mọ́.

Mo pẹ́ kí n tó mọ ìwé. Oko ni mo wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, irùngbọ̀n sì ti kún mi lẹ́nu kí n tó jókòó ní kíláàsì àwọn àgbà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bá a bọ̀. Ìyàwó mi ló máa ń bi mí ní ìbéèrè bí ó bá ń dáná. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òun á máa rokà, á máa béèrè. Bí mo bá ṣì í, á fi ọmọrogùn kan etí ìkòkò, á dúró de ìdáhùn mìíràn. Nígbà tí ó fi kú, mo ti yege nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo nílò fún ìwé mẹ́wàá, àfi kẹ́mísírì.

Ilé àyẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ kan ní Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Omi ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Èmi ni mo ń fọ àwọn ìgò àti ọ̀pá gíláàsì tí àwọn tó mọ̀wé fi ń ṣe é. Ọ̀gá wa ti sọ fún mi pé àyè wà tí mo fi lè bọ́ sí ìdí iṣẹ́ gan-an, kí n kúrò nídìí ìgò fífọ̀, bí mo bá lè mú èsì kẹ́mísírì wá kí ọjọ́ orí tó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni pọ̀ ní Abuja. Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ̀kan ní Wuse lẹ́yìn iṣẹ́. Òyìnbó ni tíṣà ibẹ̀ ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń sáré bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè níta. Kí n tó lóye ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta ti kọjá. Mo fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dutse Alhaji, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa ní kíláàsì ọ̀fẹ́ kan lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣàlàyé níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sójú pátákó. N kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú yìí. Àbúrò ìyàwó mi ni tíṣà kẹ́mísírì wọn.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwa méjèèjì kò ṣòroó sọ. Abuja ni ìyàwó mi kú sí, Abuja ni mo sì sin ín sí. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ kí a gbé e lọ sílé, sí Èkìtì, kí a tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Ó ti sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn pé kí n má gbé òun rìn jìnnà, kí n fi òun sí ibi tí àwọn ọmọ òun lè máa yà sí. Mo ṣe bí ó ṣe wí. Àbúrò rẹ̀ kò gbà pé ó wí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò ti fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́ mọ́.

Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ló rí. Bí ó bá ní nǹkan tó fẹ́ fún mi, yóò gbé e kalẹ̀, ì báà ṣe sórí tábìlì, ì báà ṣe sórí bẹ́ǹṣì. Á yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, á kọjú síbòmíràn, ìgbà yẹn ni mo tó lè mú un. Ẹni tó bá ti bá ará ilé rẹ̀ jà rí mọ ohun tí mo ń sọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ méjèèjì kò bá pàdé lára nǹkan, kò sí ẹni tó lè sọ fún ọ pé ìjà ti tán.

Tẹ́lẹ̀, Bùọ̀dá ló ń pè mí. Ní kíláàsì, mo di “ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn.” Èmi ń pè é ní Mà, bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó kù, tí mo tó bí púpọ̀ nínú wọn lọ́mọ. Àwọn ọmọ Abuja ni wọ́n, wọ́n á gbọ́ Yorùbá tán, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì dá ọ lóhùn. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá. N kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń lò, nítorí ilé mi kò jìnnà, tíṣà sì máa ń wa mọ́tò láti Life Camp bọ̀. Bí kíláàsì bá parí, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò gbé kọ́kọ́rọ́ sí etí fèrèsé, yóò wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Màá mú un. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, màá ṣí ilẹ̀kùn, màá to bẹ́ǹṣì, màá nu pátákó, màá lọ jókòó sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìgò ẹ̀pà yíyan kan wá. Ó ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí bí irin àti èyí tí kì í ṣe irin ṣe ń di áyọ́ọ̀nù, àti pé ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ohun tó kù. Ó ṣàlàyé dáadáa. Èmi kì í purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní gbogbo nǹkan pátá, átọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Àárín átọ̀mù ni àwọn pírótọ̀nù jókòó sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àmì àròpọ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ń yí wọn po ní ìpele-ìpele, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àmì àyọkúrò. Iye kan náà ni wọ́n, àmì wọn sì pa ara wọn rẹ́. Ìpele tó wà ní òde pátápátá ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù mẹ́jọ pé síbẹ̀. Irin kì í ní ju díẹ̀ lọ ní òde, ó rọrùn fún un láti jù ú sílẹ̀. Èyí tí kì í ṣe irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ohun tó kù díẹ̀ ló ń wá kiri. Átọ̀mù tó bá ti jù ú sílẹ̀, tàbí tó ti gbà á, ló ń di áyọ́ọ̀nù.

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a fi ara wa ṣe é. Ẹ̀pà ni ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù. Ti òde nìkan ni kí kálukú dì mọ́wọ́, kí a gbàgbé ti inú. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù rẹ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ bọ́ síwájú,” ó ní. “Ẹ̀yin ni sódíọ̀mù, irin tó ní ẹyọ kan ní òde.”

Mo bọ́ síwájú. Ó gbé ẹ̀pà kan sórí tábìlì, ó yọ ọwọ́ kúrò. Mo mú un. Ó pe ọmọbìnrin kan tó ń di irun lọ́jà Dutse, ó ka ẹ̀pà méje sí i lọ́wọ́, ó ní òun ni kílórínì, tí kì í ṣe irin. Ó ní kí a ṣe ohun tí sódíọ̀mù àti kílórínì máa ń ṣe bí wọ́n bá pàdé.

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀pà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ojú mi, ó wo irun mi tó ti funfun. Ó mọ ìdáhùn, n kò ṣiyèméjì nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó mú ẹ̀pà kan nínú méje tirẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ gbà, Bàbá,” ó ní.

Mo gbà á. Ẹnu mi sì ti súre fún un kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Gbọ̀ngán dàrú fún ẹ̀rín. Àbúrò ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kílórínì kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan, gbígbà ló ń gbà, kí ọmọbìnrin náà dìde kí ó gba ẹ̀pà kan ṣoṣo yẹn lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin náà ò lè ṣe é. Ó ní ìyá òun á pa òun bí wọ́n bá sọ fún un pé òun na ọwọ́ gba ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni. Tíṣà lé e padà síjòókòó, ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà Bwari. Ó ka méje sí òun náà lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó da méjèèje sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa mú un jẹ.

“Kai, sódíọ̀mù Bàbá ti sanra,” ó ní.

Ó wá ràn ká gbọ̀ngán bí iná. Bí àwọn tó kù ṣe ń pín ní méjì-méjì, ẹni tó kéré lọ́jọ́ orí ló ń fún àgbà ní ẹ̀pà, ì báà ṣe irin, ì báà má ṣe irin. Ẹ̀gbọ́n kan ń gba ti àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ẹ̀tọ́. Nígbà tí tíṣà fún wa ní iṣẹ́ ṣe sínú ìwé, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ pé èyí tí kì í ṣe irin ló ń fún irin ní ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù. Ó ka àwọn ìdáhùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ le. Ó dá wa sílẹ̀ kí àkókò tó tó.

Níta ni ó ti dá mi dúró, lẹ́bàá mọ́tò rẹ̀. Kò pariwo. Kì í ṣe aláriwo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní mo ti rí ohun tí mo dá sílẹ̀, pé àwọn ọmọ ò lè kọ́ ohun tó tọ́ níbi tí mo bá jókòó sí, pé nítorí èmi ni wọn ó ṣe fìdí rẹmi.

“Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi sí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa,” ó ní. “Ẹ ò ní wá gba kíláàsì mi mọ́ ọn.”

Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ta ló gbọ́?”

“Èmi.”

“Ẹ̀yin nìkan.”

Gbogbo èsì tí mo ní ni mo ti sọ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó wọ mọ́tò. Mo wo etí fèrèsé, kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ó ti mú un lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, alága ẹgbẹ́ pe àwa méjèèjì sí yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ ìjọba ni, kò fẹ́ ìjà, ó sì fẹ́ jẹun ọ̀sán lásìkò. Ó béèrè bóyá ẹ̀pà la fẹ́ fi tú ẹgbẹ́ ká. Àbúrò ìyàwó mi sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ibi tí àwọn ẹgbẹ́ mi wà fún mi. Alága ní kò sí irú ibẹ̀, bí òun bá mọ̀ ọ́n òun fúnra òun á lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ wọn títí ó fi kú,” àbúrò ìyàwó mi ní, kò wo ọ̀dọ̀ mi. “Ṣé èmi ló wá kàn?”

Alága yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá mo ní nǹkan láti sọ. Mo ní mo fẹ́ kọ́ kẹ́mísírì. Ó ní ṣé kò sí òmíràn. Mo ní kò sí.

Ó ní tíṣà ló ni kíláàsì, òun kò lè fi agbára mú un, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni láìdán an wò. Àbúrò ìyàwó mi gbà. Ó ní kí n dúró níwájú ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n ṣàlàyé bí irin àti èyí tí kì í ṣe irin ṣe ń di áyọ́ọ̀nù, kí n sì mú kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe é bí ó ṣe tọ́. Bí n kò bá lè ṣe é, kí n má padà wá mọ́. Alága wò mí. Mo ní mo gbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò rọrùn. Àmì ló ń dà mí láàmú. Sódíọ̀mù ló sọ nǹkan nù, síbẹ̀ ìwé ní àmì àròpọ̀ ló ń gbé kiri lẹ́yìn náà. Kílórínì ló rí nǹkan gbà, òun ni wọ́n wá fi àmì àyọkúrò sí lórí. Mo kà á lójú ìwé, mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, inú bí mi sí ìwé náà. Gbogbo bí mo ṣe mọ ayé, ẹni tó pàdánù ni a ń yọ kúrò lára rẹ̀. Ilé ìdáná sì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí mo lè bi.

Ibi tí mo ti ń fọ ìgò ní Wuse ni ọ̀nà tí mo lè gbà kà á ti wá sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe délé, mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́kànlá lẹ́nu ọ̀nà, mo ka ẹ̀pà mọ́kànlá sí i. Òkúta ni pírótọ̀nù, ẹ̀pà ni ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù, mọ́kànlá-mọ́kànlá bíi ti sódíọ̀mù. Mo jẹ ẹ̀pà kan. Òkúta mọ́kànlá ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀pà ti di mẹ́wàá. Ohun tó lọ yẹn, àyọkúrò ni òun fúnra rẹ̀, ó sì gbé àmì rẹ̀ lọ. Àròpọ̀ kan wá ṣẹ́ kù tí kò rí ẹni pa á rẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi kún un. Ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló yọjú.

Ṣùgbọ́n ti ọwọ́, n kò rí i yanjú. Báwo ni màá ṣe mú ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kó gba nǹkan lọ́wọ́ mi bí ẹni já a gbà? Mo ronú pé kí n pa á láṣẹ. Bí mo bá pàṣẹ, á kúnlẹ̀ gbà á, kíláàsì á tún rẹ́rìn-ín, tíṣà á sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, n kò tíì rí ọ̀nà kankan.

A dúró níta nínú oòrùn nítorí kò sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mégádì ṣọ́ọ̀ṣì kí wa ní sànnu títí ó fi sú u. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ bi mí bóyá mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ní kí ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi dé, ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Alága wá jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, sí àyè mi.

“Ẹ̀yin, ẹ bọ́ síwájú,” àbúrò ìyàwó mi ní.

Mo lọ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì kan nínú páálí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó yọ ọwọ́ kúrò, ó kọjú sí ògiri.

Mo wo ṣọ́ọ̀kì yẹn. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì sí lọ́wọ́ mi.

Mo pe ọmọbìnrin tó ń di irun. Mo ka méje sí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀pà tí mo mú wá, mo sì mú ẹyọ kan fún ara mi. Ó ti ń fẹ́ kúnlẹ̀.

“Má kúnlẹ̀,” mo ní. “Má gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.”

Mo gbé ẹ̀pà mi sórí tábìlì. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò, mo kọjú sí ògiri bí mo ṣe ti rí i tí wọ́n ń ṣe é fún mi. Mo ní ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, kò sì tíì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Mo ní irin ti ju tirẹ̀ sílẹ̀, kò dúró wo ẹni tó máa mú un. “Ìwọ tí o ní méje, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù fún ọ, mú un,” mo ní.

N kò rí i, ògiri ni mo kọjú sí. Mo gbọ́ ìró èékánná rẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí mo yí padà, mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tèmi sì ṣófo. Kò sí ẹni tó ṣe àìbọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ló sọ ọ́ síta. “Bí Mà ṣe máa ń fún Bàbá ní kọ́kọ́rọ́ nìyẹn.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ti ń rí i láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ pé wọ́n ń rí i. Alága wúkọ́. N kò ṣe é láti fi tíṣà ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ó jọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ máa bá ẹ̀kọ́ lọ,” tíṣà ní. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

Mo da òkúta mi sílẹ̀ láti inú àpò, mo sọ ti àmì fún wọn. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ àròpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ átọ̀mù sódíọ̀mù, àyọkúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kílórínì. Àwọn kan ń mi orí. Tíṣà jẹ́ kí n parí, ó wá béèrè pé bí kì í bá ṣe sódíọ̀mù ńkọ́. Bí ó bá jẹ́ magnẹ́síọ̀mù, tó ní méjì ní òde?

N kò múra èyí sílẹ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin náà padà sí méje. Mo gbé ẹ̀pà méjì sórí tábìlì, mo yí ojú kúrò. Ó mú méjèèjì.

“Mẹ́sàn-án,” àbúrò ìyàwó mi ní. “Irú kílórínì wo nìyẹn?”

Mo ní kí ọmọbìnrin náà dá ọ̀kan padà sórí tábìlì, ó dá a padà. Ẹ̀pà kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó ni ín. Kò yẹ kó padà sọ́dọ̀ mi, nítorí mo ti jù ú sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti kún. Mo wò ó títí, tíṣà kò sì dá mi dúró. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn rí mi bí mo ṣe ń rì. Mo wo àwọn tó jókòó, mo rí ọwọ́ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, tí ó ṣófo. Mo pè é. Mo ka méje sí i lọ́wọ́.

“Kílórínì kejì,” mo ní. “Mú ìyẹn.”

Ó mú un. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ pẹ́,” àbúrò ìyàwó mi ní. “Níbi ìdánwò, wọn ò ní dúró dè yín.”

Mo ní mo gbọ́, Mà.

“Kí ló wá dè wọ́n mọ́ra báyìí?”

Mo ní ọ̀kan ti di àròpọ̀, èkejì ti di àyọkúrò, àwọn méjèèjì sì ń fa ara wọn. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ béèrè bóyá wọ́n ti wá di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

“Rárá o,” mo ní. “Kò sí ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ti ara ọ̀kan kúrò wà lára èkejì, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè fi ara wọn sílẹ̀.”

Tíṣà wò mí nígbà náà. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ó bá ń dúró de ìdáhùn mìíràn. Kò sí inúure nínú rẹ̀. Mo wò ó padà, n kò sì ní inúure tèmi náà. Alága ti gbé fìlà rẹ̀ dé orí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ pe sódíọ̀mù ní átọ̀mù lẹ́yìn tó ti sọ ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù rẹ̀ nù,” tíṣà ní. “Kì í ṣe átọ̀mù mọ́. Áyọ́ọ̀nù ni. Ẹ máa pè é bí ó ṣe ń jẹ́.”

“Áyọ́ọ̀nù, Mà.”

“Ẹ jókòó.”

Mo kó òkúta mi. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, alága dìde fún mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ebi ń pa òun, ó lọ. Tíṣà fún wa ní iṣẹ́ ṣe. Ó pè é ní iṣẹ́ àtúnṣe fún gbogbo àwọn tó kùnà ní Sátidé tó kọjá. Ó ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì, ó ń wo ìwé wọn láti ẹ̀yìn èjìká. Ó wo tèmi. Ó fi bírò pupa rẹ̀ fa ìlà sábẹ́ àmì àròpọ̀ mi, ó ní ó kéré jù, ta ló fẹ́ rí i, ó kọjá lọ.

Lẹ́yìn kíláàsì, mo dúró lẹ́bàá ògiri nígbà tí ó ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ti ń lọ. Ọmọbìnrin tó ń di irun kúnlẹ̀ kí mi, ó kúnlẹ̀ kí tíṣà, kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Àbúrò ìyàwó mi fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó dì í mọ́wọ́, ó rìn kọjá lára mi. Mo rò pé ó máa mú un wọ mọ́tò bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ó dúró níbi fèrèsé. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sí etí rẹ̀, ó yọ ọwọ́ kúrò.

“Ẹ nu pátákó dáadáa ní Sátidé,” ó ní, ojú ọ̀nà ló kọjú sí. “Ìdọ̀tí pọ̀ lórí rẹ̀ lónìí.”

Mo ní màá nù ún. Mo dúró títí mọ́tò rẹ̀ fi dé ojú ọ̀nà Bwari tó sì yà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ mú kọ́kọ́rọ́.